Kókó Ọwọ́ Bàbá Làmídì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí bàbá àgbà mi jẹ́, kó lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ti ra dòdò ní Ìkirè rí, tó sì jẹ́ pé eyín ló fi já ọ̀rá rẹ̀. Màmá àgbà mi ló ń dín dòdò náà, Bàbá ló ń so ó. Ẹni tó bá rà á kì í rántí Màmá títí yóò fi tọ́ ọ wò. Bàbá ló máa ń kọ́kọ́ rántí, èébú ló sì fi ń rántí wọn. Lọ́jọ́ tí Bàbá kú, bí mo ṣe ń sunkún ni mo ń rò ó bóyá gbogbo eyín tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ti dárí jì wọ́n.

Dòdò Ìkirè kì í ṣe dòdò tí àwọn ará Èkó ń jẹ sí ìrẹsì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà ni Màmá máa ń gún pẹ̀lú ata àti iyọ̀, wọ́n á wá dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Ojú fèrèsé ọkọ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò ti ń rà á. Nígbà tí orúnkún Bàbá kọ̀ fún oko, tí wọ́n fi oko iṣu wọn ní Ìkòyí ẹ̀bá Àpòmù sílẹ̀, ọwọ́ wọn ò gbà láti sinmi. Wọ́n jókòó ti Màmá létí títì, wọ́n ní àwọn á máa bá wọn so ọ̀rá. Kókó tí wọ́n fi ń so iṣu mọ́ igi nínú àká ni wọ́n gbé wá sídìí dòdò, kókó kan tó le bí òkúta, tí mi ò tíì rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì nígbà náà.

Ọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, ó sáré padà wá bá wọn, ó gbé ọ̀rá dòdò dání.

"Bàbá, ṣé ẹ̀wọ̀n lẹ ju dòdò yìí sí ni?"

Bàbá gba ọ̀rá náà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n yìn, wọ́n sì dá a padà fún un láìtú u. Wọn ò tú u nítorí pé àwọn fúnra wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Lóko, àdá ni wọ́n fi ń gé e. "Kókó tèmi kì í tú," ni wọ́n sọ fún ọkùnrin náà, "ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Èèyàn ìjà ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Wọ́n bá télọ̀ àdúgbò wa yan odì fún ọ̀pọ̀ ọdún torí pé ó fi rọ́bà sí ìbàdí ṣòkòtò wọn dípò okùn. Télọ̀ ní rọ́bà ló wà lóde, pé ó máa ń fẹ̀ fúnra ẹ̀. Bàbá ní ohun tó ń bí àwọn nínú gan-an nìyẹn. "Tó bá ń fẹ̀ fúnra ẹ̀, tó wá já láàárín ọjà, ta ni màá bi?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá èmi náà jà. Mò ń tún fóònù ṣe ní Àpòmù, wọ́n sì wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan. Wọ́n rí bátìrì tó ti kú nílẹ̀, wọ́n bi mí pé ibo ni mò ń kó o lọ. Mo ní ààtàn. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé ààtàn ló tà á fún ẹ ni?"

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn kí ọ̀rọ̀ àgbò tó dé. Wọ́n gbà pé gbogbo nǹkan ayé ló ní ẹni tí wọ́n lè bi. Wọn ò tíì mọ̀ nígbà náà pé àwọn gan-an ni wọ́n máa bi.

Ọjọ́ Iléyá ni, nílé àbúrò bàbá mi, Àǹtí Sìdí, tó lọ́kọ sí Àpòmù. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Bàbá máa ń gbé dòdò lọ fún àwọn ọmọ Àǹtí Sìdí, torí náà ẹ má bi mí bí ọ̀rá wọn ṣe dé àgbàlá ilé yẹn. Ọkọ Àǹtí Sìdí ti ra àgbò ńlá kan sílẹ̀, ó ń bọ́ ọ nínú àgbàlá. A kírun dé, wọ́n dúńbú rẹ̀, ilé kún fún ariwo àti ẹ̀rín. Ìgbà tí Àǹtí Sìdí ń fọ ṣàkì ni wọ́n fa nǹkan kan jáde nínú ikùn àgbò náà, ó lọ́ mọ́ra bí aṣọ tí wọ́n fún. Wọ́n fi omi ṣàn án, wọ́n tún un ṣàn, wọ́n sì kígbe.

"Bàbá, ẹ wá o! Ẹ wá wo nǹkan!"

Bàbá lọ, wọ́n lóṣòó ti báàfù omi náà. Ọ̀rá dòdò ló lọ́ mọ́ra báyẹn. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ó ti fàya, àmọ́ àwọn kókó wà níbẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n so wọ́n. Kò sí èyí tó tú. Bàbá fi ìka kan ọ̀kan, wọ́n fi kan òmíì. Mo ń retí pé wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọwọ́ mi nìyí," ni wọ́n wí.

"Bàbá, ọ̀rá pọ̀ nílùú," ọkọ Àǹtí Sìdí dá wọn lóhùn. "Ta ló lè mọ tiẹ̀?"

"Èmi mọ tèmi."

"Ẹ ṣáà wá jókòó, ẹ̀dọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná."

Bàbá ò jẹ ẹ̀dọ̀ lọ́jọ́ náà, wọn ò sì jẹ ẹran kankan. Wọ́n bẹ Àǹtí Sìdí pé kí wọ́n bá àwọn wé ọ̀rá náà, wọ́n fi sí àpò agbádá tuntun, wọ́n gbé e lọ sílé ní Ìkirè. Agbádá yẹn rùn títí di ọdún kejì.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n lọ bá Ààfáà àdúgbò wa. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn, mo sì gbọ́ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú etí mi.

"Ààfáà, ẹran kan wà tí mo ṣẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀ ẹ́?"

"Ẹran tó wà níbo, Bàbá?"

"A ti pa á. A ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n inú ti ń run ún nítorí mi kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ dé."

Ààfáà fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Ó ní kí Bàbá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí wọ́n má sì ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ti Ọlọ́run yẹn yé mi," ni Bàbá wí. "Ti àgbò ni mò ń bi yín."

"Àgbò ti wà nínú ikùn àwọn èèyàn, Bàbá Làmídì."

"Ẹ ṣé. Àwọn tó wà nínú ikùn wọn ni màá lọ bẹ̀ nígbà yẹn."

Ààfáà rò pé àwàdà ni. Èmi ni mo fi ọ̀kadà gbé wọn yí Àpòmù ká. Ilé kọ̀ọ̀kan tí Àǹtí Sìdí fún lẹ́ran, Bàbá á wọlé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn onílé á sáré dìde, wọ́n á máa pariwo pé kí ló dé, kí ló dé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ẹran tó wà nínú yín." Obìnrin kan fọwọ́ lé ikùn, ó ní ẹran náà ti gbọ́. Òmíì ní òun ti dárí jì wọ́n, pé ẹran náà dùn gan-an ni. Bàbá wá gbọ́ pé bíríkìlà kan ló gba orí àgbò náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la pẹ́ sí jù. Bàbá sún mọ́ ọn, wọ́n rọra ń sọ̀rọ̀ níwájú àyà rẹ̀, ọkùnrin náà dúró gbagidi, kò mọ ibi tí yóò fojú sí. Nígbà tá a jáde, mo bi wọ́n léèrè ìdí tí tirẹ̀ fi yàtọ̀. "Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni etí wà."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀kadà wọ gọ́tà. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Àtìgbà yẹn ni wọ́n ti gbé igi gígùn kan tí wọ́n kan ìṣó mọ́ lórí, tí wọ́n sì ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì kiri láti Ìkirè dé Àpòmù, wọ́n ń ṣa ọ̀rá. Àmọ́ tiwọn nìkan ni. Wọ́n á dúró lórí gọ́tà tó kún dẹ́nu, wọ́n á wo inú ẹ̀ fínnífínní, wọ́n á fi igi fa ẹyọ kan jáde, wọ́n á wo kókó rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á sì máa lọ. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn gọ́tà yẹn kọ́kọ́ ń ṣàdúrà fún wọn. Ìgbà tó rí i pé wọ́n fẹ́ máa lọ, ó pè wọ́n padà.

"Bàbá, ẹ bá wa kó ìyókù náà ná."

"Ṣé èmi ni mo so ó?"

"Rárá o."

"Ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá kó o nígbà yẹn."

Wọ́n sì dúró, wọ́n ń wo òkè àti ìsàlẹ̀ títì bí ẹni pé onítọ̀hún ti ń bọ̀ lóòótọ́. Ohun tó ń bí àwọn èèyàn nínú nìyẹn. Nígbà tí gbogbo ìdọ̀tí wà papọ̀, kò sí ẹni tó ni ín. Ìgbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ tiwọn kúrò, èyí tó kù wá ń wojú àwọn tó ni ín. Kò pẹ́ tí oníbúrẹ́dì náà fi rí i pé ọ̀rá búrẹ́dì ló pọ̀ jù nínú gọ́tà yẹn. Ó gbá a mọ́ tónítóní lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń gbá a ló ń ṣépè fún bàbá àgbà mi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá omi tún yàtọ̀. Bàbá ò kàwé, wọ́n wá bi mí pé kí ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo ní orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe omi náà ni, àti àdúgbò tí wọ́n wà. Àánú àwọn èèyàn náà ṣe wọ́n. "Wọ́n kọ orúkọ sí i kó má baà sọ nù, ó tún wá sọ nù bẹ́ẹ̀!" Wọ́n ṣa àpò kan kún. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n sá a sórí okùn aṣọ, wọ́n ká a lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Mo gbé wọn lọ.

Obìnrin tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ náà rò pé omi la fẹ́ rà.

"Rárá, ọmọ mi," ni Bàbá wí, wọ́n sì gbé àpò náà sórí tábìlì rẹ̀. "Nǹkan yín la bá yín rí."

Ó ṣí i, ó wo ibẹ̀, ó wo Bàbá, ó wò mí. Mo yíjú sí ògiri.

"Bàbá, ẹ má bínú sà. Ẹni tó mu ún ló jù ú nù, kì í ṣe àwa."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Àmọ́ orúkọ tiyín ni wọ́n ń jù nù kiri."

Obìnrin náà ṣáà ní kí wọ́n fún àlejò lómi tútù. Wọ́n gbé e wá nínú ọ̀rá. Bàbá mu ún tán, wọ́n dúpẹ́, wọ́n fọwọ́ pa ọ̀rá náà gbẹ, wọ́n ká a, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Bàbá ti búra pé àwọn ò ní so ọ̀rá mọ́ láyé, wọ́n ń lọ já ewé nínú igbó tó wà lẹ́yìn ìlú, wọ́n ní ewé ni kí Màmá máa fi pọ́n dòdò bíi ti àtijọ́. Àwọn èrò ọkọ̀ ò fẹ́ ewé, wọ́n ní epo ń ta sí àwọn láṣọ. Dòdò ń kù nílẹ̀. Màmá ò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n á fi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ míì.

"Bàbá Múdà," wọ́n fi orúkọ bàbá mi pariwo pè wọ́n lọ́jọ́ kan lójú gbogbo èèyàn, "àgbò kan ló kú o! Ṣé ẹ fẹ́ fi ọjà mi sin ín ni?"

Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí o, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń rán sí ara wọn. "Kàmórù, bi Màmá rẹ bóyá iyọ̀ tó." "Kàmórù, sọ fún Bàbá rẹ pé kí wọ́n bi àgbò." Ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀, Màmá ló wá ọgbọ́n dá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn èrò ọkọ̀ pé dòdò inú ewé nìkan ni ojúlówó, ewé yẹn ló ń fún un ládùn, àti pé àwọn tí kò mọ dòdò ló ń jẹ ti inú ọ̀rá. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń kọjá àwọn olódòdò yòókù, wọ́n ń bèèrè ti ewé. Bàbá gbọ́ ọ láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n pè mí sún mọ́ wọn. "Irọ́ ni Àṣàbí ń pa," wọ́n sọ sí mi létí, "àmọ́ irọ́ yẹn ò lè pa àgbò."

Ó wá ku àwọn ọ̀rá tí wọ́n ti ṣa, tó kún yàrá wọn. Mo ní ká sun ún. Wọ́n ní èéfín á wọ imú àwọn ará àdúgbò, àwọn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bẹ imú láti ojúlé dé ojúlé. Mo ní ká gé àwọn kókó náà dànù. Wọ́n ní ká ní mo gé e, ọ̀rá ni mo gé, kókó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ tú u ni, gbogbo ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi so ó. Lẹ́yìn ìrun Láàsárì, wọ́n á jókòó síwájú ilé pẹ̀lú abẹ́rẹ́, wọ́n á máa bá kókó ara wọn jà. Ọkùnrin tó ń yangàn pé kókó òun kì í tú, ó wá ń da omi lójú torí pé kò tú. Ọkàn mi máa ń gbọgbẹ́ tí mo bá rí wọn bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kọjá rò pé orí wọn ti dàrú.

Mo dé lọ́jọ́ kan, wọ́n ń dá nìkan rẹ́rìn-ín.

"Kàmórù, wá. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń fà á. Kì í ṣe fífà! Bó o bá ṣe ń fà á ló ń le sí i. Tì í padà síbi tó ti wá."

Wọ́n fi àtàǹpàkò ti etí kókó náà wọ inú ara ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó sì tú sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Mo lọ gbé àwọn irin wẹ́wẹ́ tí mo fi ń tú fóònù wá, a jọ jókòó tì í. Èyí tá a bá tú, Màmá á kì í bọ inú tìmùtìmù. Àwọn tìmùtìmù yẹn ṣì wà ní pálọ̀ wa, bí àlejò bá jókòó lé wọn, wọ́n á ké. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Mi ò sọ ọ́ fún wọn rí, a kì í sọ irú ẹ̀ nílé wa, àmọ́ àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn ni inú mi dùn jù láyé mi.

Ìgbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi mí tí mo bá wọlé.

"Ó kù?"

"Ó ku díẹ̀, Bàbá."

"Èyí tó ti wọ odò Ọ̀ṣun ńkọ́?"

Ẹ̀rù bà wọ́n, mo rí i lójú wọn. Ẹni tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ó ń bẹ̀rù ọ̀rá tó ń bá omi lọ. "Wọ́n á bi mí lọ́hùn-ún, Kàmórù. Mi ò fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run kí kókó mi ṣì wà ní síso. Èyí tó o bá rí, bá mi tú u. Má gé e o."

Mo ní mo gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n lọ. Bàbá mi, Múdà, ní òun lòun máa bá Ààfáà so aṣọ funfun tí wọ́n fi wé wọn. Ó so orí, ó so àárín, ó so ẹsẹ̀, ẹkún ò jẹ́ kó ríran dáadáa. A kírun sí wọn lára, a gbé wọn dé itẹ́ òkú, a gbé wọn wọ inú sàréè. Nínú ẹ̀sìn wa, a máa ń tú àwọn kókó aṣọ náà ká tó da erùpẹ̀ bo òkú. Ààfáà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ti orí. Kò tú. Ó fà á kíkan. Ó gbójú sókè, òógùn ti bò ó.

"Ta ló so èyí?"

Bàbá mi na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Àká iṣu ni Bàbá ti kọ́ ọ ní kókó síso, kókó kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ̀ nìyẹn. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ààfáà míì sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé èyí àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì ń fà á, ó ń le sí i. Oòrùn mú, àwọn èèyàn ń mu omi ọ̀rá, ẹnì kan sì ti sáré lọ sílé lọ bèèrè bíléèdì.

"Ẹ má gé e," ni mo wí.

"Kàmórù, ṣé ibí la máa sùn ni?" Ààfáà bi mí.

Mo bọ́ bàtà, mo sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ náà tutù. Orí wọn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò wá etí kókó náà, mi ò fà á, mo ń tì í padà síbi tó ti wá, díẹ̀díẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn wọn pé kì í ṣe fífà. Ó tú. Mo tú ti àárín. Mo tú ti ẹsẹ̀. Nígbà tí mo gòkè, àwọn èèyàn ti ń wolẹ̀ kiri, oníkálukú ń wá ọ̀rá omi tó mu, méjì nínú wọn sì ń jiyàn lórí ẹyọ kan, ọ̀kan ní òun kọ́ lòun ni ín, pé igun lòun máa ń fi eyín já.

A dé ilé. Màmá jókòó sórí tìmùtìmù ní pálọ̀, láti àárọ̀ wọn ò tíì sunkún. Ẹni tó wá gba bíléèdì ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n wo ọwọ́ mi tó kún fún erùpẹ̀.

"Ṣé wọ́n gé e?"

"Rárá, Màmá. Mo tú u."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Wọ́n á lè máa lọ nígbà yẹn," ni Màmá wí, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.